Ajá Kì Í Rorò Kó Ṣọ́ Ojúlé Méjì: Bí A Ṣe Lè Bá Ajá Kírọ́ọ̀sì Ńlá Gbé Nínú Ẹbí

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé, Ìbàdàn

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wá bá mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ajá, mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ dìjà nípàdé. Àwọn kan ní ajá lágbájá kò jẹ́ káwọn fojú kan oorun. Àwọn kan ní ajá tàmẹ̀dò lé ọmọ iléèwé bọ́ sí gọ́tà. Àwọn olówó ajá náà sì ń fèsì pé bí kò bá sí ajá, ta ni ì bá lé àwọn tó wá ṣí bátìrì ọkọ̀ lóru? Gbogbo yín lẹ jàre, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà láti wá.

Kì í ṣe ajá ọdẹ ni mo wá sọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í sì í ṣe Bíńgò tó ń rìn kiri ọjà, tó ń ṣa eegun jẹ nídìí ìsọ̀ alápatà. Ajá tó pọ̀ jù lẹ́yìn géètì wa lónìí ni ajá kírọ́ọ̀sì ńlá. Bàbá rẹ̀ lè jẹ́ Boerboel, ajá àwọn àgbẹ̀ South Africa, kí ìyá rẹ̀ jẹ́ Alsatian. Ó sì lè jẹ́ pé Rottweiler aládùúgbò ló fo ògiri lóru wá gun ajá ilẹ̀ wa kan. Ẹni tó bá tà á fún yín á búra pé ògidì ni. Ẹ tún un wò: etí kan nà ró, ìkejì ṣẹ́ wálẹ̀, àyà rẹ̀ fẹ̀ bíi ti Boerboel, ìrù rẹ̀ sì ká sókè bíi ti ajá ilẹ̀ wa. Inú páálí ni wọ́n gbé e sí nígbà tó dé. Kí ọdún kan àti ààbọ̀ tó pé, ó ti wọn 40 kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó bá sì fò mọ́ àgbàlagbà nítorí ayọ̀ lásán, àgbàlagbà náà á nà gbọọrọ sílẹ̀.

Irú rẹ̀ wà nílé tèmi náà. Jẹ́njókòó lorúkọ rẹ̀, nítorí ìgbà tó dé ni mo tó ráyè jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́ láìmáa wo ẹ̀yìn.

Ohun tí mo wá jà fún lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Èrò tó gbilẹ̀ láàrin wa ni pé bí ajá bá ṣe jìnnà sí ènìyàn tó ni yóò ṣe burú tó, bó bá sì ṣe burú tó ni yóò ṣe mọ ilé ṣọ́ tó. Èmi ní irọ́ ni. Ajá tí kò mọ ènìyàn kì í ṣọ́lé. Ẹ̀rù ló ń bà á, ohun tó bá sì ń bà á lẹ́rù ló ń bù jẹ, ìbáà ṣe olè, ìbáà ṣe ọmọ inú ilé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ìran, torí àwọn kan ń tijú pé ajá àwọn kì í ṣe ògidì. Kí ni ìtìjú níbẹ̀? Alsatian tí gbogbo wa ń gbé gẹ̀gẹ̀ yìí, ọdún 1899 ni sójà ará Jámánì kan, Max von Stephanitz, rí ajá kan tó wù ú níbi àfihàn ajá. Ó rà á, ó sọ ọ́ ní Horand, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa abo fún un láàrin àwọn ajá darandaran tó wà káàkiri ilẹ̀ wọn. Kó tó di ìgbà yẹn, ajá darandaran lásán ni gbogbo wọn, àwọ̀ wọn kò dọ́gba, ìrísí wọn kò dọ́gba. Dobermann tìlú Apolda, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ajá Doberman, agbowó-orí ni. Oríṣiríṣi ajá ló dà pọ̀ títí tó fi rí èyí tó lè máa bá a rìn, torí kò sí ìlú tí wọ́n ti ń fi ọ̀yàyà pàdé agbowó-orí. Àdàlù ni baba ńlá gbogbo wọn. Ẹ̀yìn ni ìwé ẹ̀rí dé.

Ohun tó yẹ kí oníkírọ́ọ̀sì mọ̀ ni pé ìrísí ajá kì í sọ ìwà rẹ̀. Ní Bar Harbor ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, onímọ̀ méjì, John Paul Scott àti John Fuller, mú Basenji, ajá ilẹ̀ Kóńgò tí kì í gbó bí ajá yòókù, wọ́n fi gun Cocker Spaniel, ajá onírun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó gbajúmọ̀ láàrin àwọn òyìnbó. Nígbà tí wọ́n tún fi àwọn ọmọ náà gun ara wọn, àwọn ọmọ-ọmọ tó jáde kò jọra, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì jọ ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà. Ọdún 1965 ni wọ́n tẹ ìwé wọn jáde. Ní 2022, àwọn onímọ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn olówó ajá tó lé ní 18,000, wọ́n sì yẹ DNA àwọn kan nínú àwọn ajá náà wò. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìran ajá kò ṣàlàyé ju nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 lọ nínú ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìwà ajá kan sí ìkejì. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé Boerboel ló bí i, á rorò, tàbí pé ajá ilẹ̀ wa ló bí i, orí rẹ̀ ò lè pé, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ bá tiyín lọ.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀ ṣá o. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2024, ẹni tó bá ń sin irú ajá tí wọ́n ń pè ní XL Bully ní England àti Wales láìgba ìwé àṣẹ ti rúfin, ìrísí ni wọ́n sì fi ń dá a mọ̀. Bó bá ti jọ ọ́, ó ti di í nìyẹn, ì báà jẹ́ kírọ́ọ̀sì. Èrò tèmi ni pé òfin náà gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ọmọ yín ń gbé London, ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n tó ra ajá.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni títọ́. Láti ọ̀sẹ̀ 3 sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14 tí wọ́n bí ọmọ ajá ni ọkàn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ jù. Ohun tó bá rí nígbà náà tí kò pa á lára, ó gbà pé bí ayé ṣe rí nìyẹn. Ohun tí kò bá rí, ó lè máa bẹ̀rù rẹ̀ títí tí yóò fi kú. Kí la wá ń ṣe ní àwọn ọ̀sẹ̀ náà? A ra ọmọ ajá lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin tó ń nà án sókè sí fèrèsé ọkọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọmọ ọ̀sẹ̀ 5 tó yẹ kó ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ di ọ̀sẹ̀ 8. A gbé e délé, a tì í mọ́ kéèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, a ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a ṣeré kó má baà ya ọ̀dẹ̀.

Nígbà tí Jẹ́njókòó wà ní kékeré, ìyàwó mi ló ń gbé e lọ sọ́jà Bódìjà. Gbígbé ni o, kì í jẹ́ kó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, nítorí àjẹsára rẹ̀ kò tíì pé. Níbẹ̀ ló ti gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Ó rí ọlọ́kadà, ó rí alábàárù tó ru ẹrù gàgàrà, ó rí obìnrin tó ṣí agbòòrùn lójijì, ó rí arúgbó tó ń tẹ ọ̀pá, ó rí àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n ń sáré tí wọ́n ń pariwo. Ìyá ẹlẹ́ja kan tilẹ̀ ń ya orí ẹja sọ́tọ̀ dè é. Lónìí, bí arúgbó bá tẹ ọ̀pá wọlé wa, Jẹ́njókòó á gbójú sókè wò ó, á sì tún gbé orí lé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá dúró níbi tí kò yẹ lẹ́bàá ògiri láago méjì òru, ohùn tó máa ń ti inú àyà rẹ̀ jáde, ẹ kò ní fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìyẹn. Ajá tó bá mọ ohun tó yẹ kó wà láyìíká ilé ló lè mọ èyí tí kò yẹ.

Ẹ fi wé ilé kan tí mo mọ̀, tí n kò ní dárúkọ. Máígáàdì nìkan ni ajá ibẹ̀ mọ̀. Láti àárọ̀ di ago mẹ́wàá alẹ́, inú kéèjì onírin ló ń wà. Máígáàdì lọ sílé ọdún Iléyá. Ọmọ baálé ilé ti yunifásítì dé lálẹ́, ó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́, ó ṣí géètì ilé bàbá rẹ̀. Rírán ni wọ́n rán itan rẹ̀ nílé ìwòsàn. Gbogbo ilé ní ajá náà ti ya wèrè. Wèrè kọ́ o. Wọ́n ní kó má mọ ẹnikẹ́ni, kò sì mọ ẹnikẹ́ni.

Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ dúró sórí kéèjì. Ata ni wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ ajá, tàbí ògógóró, tàbí ẹ̀tù ìbọn, kí ara rẹ̀ lè gbóná. Inú rírun àti èébì ló ń kó bá a. Ajá tí inú ń run a sì máa kanra mọ́ gbogbo ẹni tó bá sún mọ́ ọn, olówó rẹ̀ á wá ní oògùn ti ń jẹ́.

Àwọn ọdẹ wa kò ṣe báyẹn. Ọdẹ a máa bá ajá rẹ̀ sọ̀rọ̀, a máa pe orúkọ mọ́ ọn lára, a sì máa bù fún un nínú ẹran tí wọ́n jọ pa. Nínú àlọ́ tí gbogbo wa gbọ́ ní kékeré, ajá mẹ́ta ló gba ọdẹ tí ọ̀tá há mọ́ orí igi, ohùn rẹ̀ ni wọ́n sì gbọ́ láti òkèèrè tí wọ́n fi sáré dé. A máa ń sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ta ló wá fọn fèrè fún ajá inú kéèjì rí?

Kíkọ́ ajá lẹ́kọ̀ọ́ kò gba agbára. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀: jókòó, dúró, wá, fi sílẹ̀. Kí gbogbo ilé fẹnu kò lé e lórí. Bí bàbá bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ, tí ìyá ń sọ pé “jókòó”, tí ọmọ ń sọ pé “fìdí mọ́lẹ̀ jàre”, ajá á kàn máa wo ẹnu yín ni. Lẹ́sẹ̀ kan náà tó bá ti ṣe é, ẹ fún un ní ẹja gbígbẹ tín-ń-tín. Bó bá ti pẹ́ díẹ̀, kò ní mọ ohun tí ẹ ń yìn ín fún. Ẹ má lù ú. Ajá ńlá tó bá ti kọ́ ọ pé ọwọ́ tó bá ròkè, ìyà ló ń gbé bọ̀, lọ́jọ́ kan ọmọ ọdún mẹ́rin á gbé ọwọ́ sókè láti hán bọ́ọ̀lù. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, “fi sílẹ̀” ni mo kà sí jù, torí àwọn olè ti gbọ́n, ẹran tí wọ́n fi májèlé sí ni wọ́n ń jù wọ ọgbà kí wọ́n tó fo ògiri.

Ẹ má ṣe fi ọmọ kékeré àti ajá ńlá sílẹ̀ láwọn nìkan, ì báà ṣe pé ajá náà jẹ́ ọmọlúàbí. Ọ̀pọ̀ ọmọdé tí ajá ń bù jẹ, ajá tí wọ́n mọ̀ ló bù wọ́n jẹ. Ẹ kọ́ ọmọ yín pé a kì í fọwọ́ kan ajá tó ń jẹun, tàbí èyí tó sùn, tàbí abiyamọ tó wà nídìí ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ́ bí ajá ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Bí ó bá ń gbójú sá, tó ń lá ètè láìsí oúnjẹ, tó ń yán láìsí oorun, tí ara rẹ̀ sì gan, ohun tó ń sọ ni pé ó ti tó. Bí ẹ kò bá gbọ́, á kùn. Ẹ má lù ú nítorí pé ó kùn! Ìkìlọ̀ ni. Ajá tí wọ́n bá lù lórí kíkùn á kọ́ láti má kùn mọ́, lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá sì sú u, eyín ni yóò kọ́kọ́ fi sọ̀rọ̀.

Ẹ máa mú un jáde rìn, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán tàbí lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń làágùn, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín lé ọ̀dà títì láago méjì ọ̀sán. Bí ẹ kò bá lè fi sílẹ̀ níbẹ̀, ajá yín kò lè rìn níbẹ̀. Inú mi a máa bàjẹ́ bí mo bá rí ajá onírun ṣíṣù, irú àwọn tó ti òkè Caucasus wá, nínú kéèjì tí wọ́n fi páànù bò ní Èkó.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kàn. Mo mọ̀ pé oúnjẹ inú àpò ti gbówó lórí. Ẹ lè sè fún un: ìrẹsì tàbí àgbàdo, ẹja ṣàwá tí ẹ ti yọ eegun rẹ̀, fùkù màlúù, ẹ̀dọ̀ díẹ̀, ẹ̀fọ́ díẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹran nípa ohun tó kù tí ara rẹ̀ nílò. Ẹ̀bà ti àná pẹ̀lú ìṣẹ́kù ọbẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ ajá, torí àlùbọ́sà tó wà nínú ọbẹ̀, tútù ni o, sísè ni o, a máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ṣokoléètì náà májèlé ni fún un. Eegun adìyẹ tí a ti sè máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó lè gún ìfun.

Ọmọ ajá ńlá kì í ṣe ohun tí à ń bọ́ sanra. Ọ̀pọ̀ ló ń da oògùn eegun, kásíọ̀mù, sínú oúnjẹ rẹ̀ kó lè tètè ga. Ara ọmọ ajá ńlá kò mọ bó ṣe lè kọ àpọ̀jù kásíọ̀mù sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń gbà wọlé, eegun á wọ́, oríkèé á bàjẹ́. Ìbàdí ló sábà máa ń kọ́kọ́ dun irú ajá bẹ́ẹ̀, bó bá sì tún sanra, á tètè yarọ. Ẹ fi ọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kí ẹ máa kan egungun ìhà láìjẹ́ pé ẹ ń rí i láti òkèèrè.

Ohun mìíràn wà tí ń pa ajá aláyà fífẹ̀ láàrin wákàtí díẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní àfọ̀ṣẹ ayé. Inú rẹ̀ á wú, àpòlúkù á lọ́ mọ́ ara rẹ̀, afẹ́fẹ́ á há síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní rí ọ̀nà kọjá. Ẹ óò rí i tó ń gbìyànjú àtibì, itọ́ lásán ni yóò máa jáde. Kò ní lè fìdí kalẹ̀. Ikùn rẹ̀ á le bí awọ ìlù. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní àgbo. Ẹ gbé e sínú ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà lóru náà, torí iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè tú ohun tó lọ́. Láti dín in kù, ẹ pín oúnjẹ òòjọ́ sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ má sì jẹ́ kó sáré kíkankíkan bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán.

Eégbọn kò nílò àlàyé fún ẹni tó bá ń gbé Ìbàdàn. Ó ń mu ẹ̀jẹ̀, ó sì ń gbé kòkòrò tó ń fa ibà sínú ẹ̀jẹ̀ ajá: etí rẹ̀ á gbóná, inú ìpéǹpéjú àti èèrìgì rẹ̀ á funfun. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀ ni fífi ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti dúdú wẹ ajá eléèkúrú, àti dída ọ̀tapíapía sí i lára nítorí eégbọn. Awọ ajá ń mu ún wọlé, ó sì tún ń fi ahọ́n lá a. Mo ti rí èyí tó kú kí ilẹ̀ tó mọ́, olówó rẹ̀ ní àwọn ọ̀tá ló pa á.

Pávò ló ń pa ọmọ ajá wa jù. Nǹkan bí ọdún 1978 ló kọ́kọ́ hàn lágbàáyé, láàrin ọdún díẹ̀ ó ti kárí. Ọmọ ajá á kọ oúnjẹ, á máa bì, á máa yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó ń rùn gan-an. Kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ ọgbà fún oṣù púpọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tí ajá kú mọ́ lọ́wọ́ tó sì ra òmíràn lóṣù tó tẹ̀ lé e fi ń tún sunkún. Àjẹsára rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan: ó ń bẹ̀rẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n ń tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ajá nìkan. Àrùn dìgbòlugi. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ló ń bá a lọ lọ́dọọdún, Áfíríkà àti Éṣíà ló sì pọ̀ sí jù. Ajá ló ń kó o ran ènìyàn nínú nǹkan bí 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn tí ajá tó ṣeé ṣe kó ní àrùn náà bù jẹ, ìdá 40 nínú 100 ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ènìyàn, kò sí ìwòsàn tó dájú. Síbẹ̀, láti 6 oṣù Keje ọdún 1885, nígbà tí wọ́n fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tó ń jẹ́ Joseph Meister ní abẹ́rẹ́ tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Louis Pasteur ṣe ní Paris, tí ọmọ náà sì yè, ayé ti mọ bí wọ́n ṣe ń dènà rẹ̀. Nílẹ̀ wa níbí, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ẹran ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Vom ní ìpínlẹ̀ Plateau ń ṣe àjẹsára fún ajá.

Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ajá ilé ni o, ajá ìgboro ni o, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ wo aago, torí ìṣẹ́jú 15 gùn ju bí ẹ ti rò lọ. Lẹ́yìn náà, ó di ọ̀dọ̀ dókítà fún abẹ́rẹ́. Àwọn kan máa ń pa ajá náà, wọ́n á sì ní kí ẹni tó bù jẹ jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ kò wo nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni pípa á tún ba ìwádìí jẹ́. Ajá tó bá ṣeé so mọ́lẹ̀ láìséwu, ẹ so ó, kí dókítà ẹran máa wò ó fún ọjọ́ 10. Bí kò bá ṣàìsàn láàrin ọjọ́ náà, kò ní àrùn náà lẹ́nu nígbà tó gé ènìyàn jẹ. Ajá tó kú lójijì ńkọ́? Orí rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò, kì í ṣe ohun tí à ń sọ sínú kànga tàbí ààtàn.

Ní ti aládùúgbò, n ó sọ ọ́ ṣókí. Ajá tó ń gbó láti ọ̀sán di òru kì í ṣọ́lé, ìdáwà ló ń ké. Ẹ kó ìgbẹ́ rẹ̀ kúrò níwájú géètì ẹlòmíràn. Bí aládùúgbò yín bá jẹ́ Mùsùlùmí tí kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ ìrun òun, ìyẹn kì í ṣe ìkórìíra, ẹ fi okùn mú ajá yín. Ajá tí ẹ kò bá fẹ́ kó bímọ, ẹ jẹ́ kí dókítà tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Fún àwọn ajá ńlá, ọ̀pọ̀ dókítà á ní kí ẹ jẹ́ kó pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí oríkèé rẹ̀ lè gbó. Lálẹ́ ọdún tuntun tí àwọn ọmọ bá ń yin bángà, ẹ mú un wọnú ilé, ẹ ti ilẹ̀kùn, torí ọ̀pọ̀ ajá tó sọnù ní oṣù Kìíní, ariwo ló lé e gba abẹ́ géètì.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí n kò rẹ́ni tó ń sọ ọ́ níta. Àwọn ọmọ wa ń já pa. Wọ́n ta ọkọ̀, wọ́n ta fíríìjì, wọ́n fi ajá sílẹ̀ fún máígáàdì pẹ̀lú àpò oúnjẹ kan. Oúnjẹ tán, máígáàdì kò lè rà á, ajá wọ ìgboro. Ajá ńlá sábà máa ń lo ọdún 8 sí 12. Ẹni tó bá ra ọmọ ajá lónìí, ọdún mẹ́wàá ló rà. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ kò ní sí nílé fún ọdún mẹ́wàá náà, ẹ wá ẹni tó ti mọ ajá náà, tí ajá náà sì mọ̀, kí ẹ tó lọ gba físà.

Alága, ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ yìí fún kò ju méjì lọ. Èkíní, kí ẹ máa pe dókítà ẹran wá sí gbọ̀ngàn yìí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní 28 oṣù Kẹsàn-án tí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún dídènà dìgbòlugi, kí gbogbo ajá tó ti pé oṣù mẹ́ta gba abẹ́rẹ́, kí akọ̀wé sì kọ orúkọ olówó rẹ̀ sílẹ̀. Èkejì, kí ẹni tó ní ajá nínú kéèjì lọ ṣí i lálẹ́ òní, kí ó fi okùn sí i lọ́rùn, kí ó mú àga kan, kí ó sì jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀.